Òkúta Mẹ́rin Yí Iná Ká

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń gbélé. Fíríìjì ni wọ́n ń tún ṣe, iṣẹ́ tó ń so èèyàn mọ́ ṣọ́ọ̀bù láàárín irin àti wáyà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbé tábìlì wọn sí, kí wọ́n lè máa wo bí ìkùukùu ṣe ń rìn. Àwọn ará àdúgbò sọ wọ́n ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn nínú ju èyí tí òbí wọn sọ wọ́n lọ. Oníbàárà tó bá wá lọ́jọ́ Sátidé, kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni yóò bá. Bàbá ti gba orí adágún lọ, tàbí orí òkè, tàbí inú igbó tó wà lẹ́yìn òkè, tìyàwó tọmọ.

Wọn kì í dá lọ. Ìrìn tí àwa ò bá sí níbẹ̀ kì í dùn mọ́ wọn. Wọ́n ti gbé màmá mi lọ́wọ́ méjèèjì sọdá odò rí, nígbà tí oyún àbúrò mi ti tóbi nínú wọn. Màmá ń kígbe pé kí wọ́n sọ àwọn kalẹ̀, bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi ń dé wọn láyà. Títí dòní ni màmá máa ń fi ìtàn yẹn bú wọn, ojú wọn á sì máa dán.

Ibikíbi tí a bá fẹ́ sùn sí, kí bàbá tó na tapólì tí a ó sùn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wá òkúta mẹ́rin. Wọ́n á tò wọ́n yí iná ká, ọ̀kan fún màmá, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀kan fún ara wọn.

“Ẹ jókòó,” wọ́n á wí. “Ilé dé.”

A ó jókòó, a ó sun ẹja, bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ irọ́. Ẹkùn tí wọ́n ní àwọn pàdé nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́ ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Àbúrò mi, tí ọ̀pọ̀lọ́ lásán ń bà lẹ́rù, á rọra sún mọ́ mi títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó yá, a dàgbà. Mo di aránṣọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Àbúrò mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Eékún ń dun màmá. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ.

“Ẹ̀yin lẹ dàgbà o,” wọ́n wí fún wa bí wọ́n ṣe ń di ẹrù wọn. “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n bá yín dàgbà.”

Sátidé kan ni. Ọkọ̀ onígi tí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Káfíńtà, jọ kàn ni wọ́n wà lọ. Ojú ọjọ́ dára láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ìjì dé láìkìlọ̀, adágún sì dúdú bí ìkòkò. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ọkọ̀ náà létí omi lọ́dọ̀ wa, ó dojú dé láàárín koríko. Àwọn apẹja wá bàbá títí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ wà ni wọ́n wá, torí ìjì ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gba àárín omi kọjá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní kí a gba kámú.

Màmá ò gba kámú. Ní ìrọ̀lẹ́, ní àsìkò tí bàbá máa ń ti ìrìn dé, wọ́n dìde lójijì nídìí àwo tí wọ́n ń fọ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” wọ́n wí, wọ́n sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

“Màmá, ta lẹ̀ ń kí?” àbúrò mi bi wọ́n.

“Bàbá yín ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ń gbọn ẹrẹ̀ bàtà wọn nù.”

Bàbá kì í wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀. Wọ́n máa ń gbá bàtà náà mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, gbì, gbì, kí wọ́n tó bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Àbúrò mi ń bínú, ó ní ìbànújẹ́ ló ń bá màmá sọ̀rọ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo jókòó ní pálọ̀ wọn, tí mo ń ṣẹ́ etí aṣọ. Gbì. Gbì. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Èmi àti màmá wo ara wa, a sì jọ sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àbúrò mi yí ilé ká. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìró bàtà náà dáwọ́ dúró. Màmá jókòó síbi àwo títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

“Wọn ò wá lónìí,” wọ́n wí. Wọ́n yọ yẹtí wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi adágún fà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Káfíńtà wọlé wá. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

“Ìyàwó wa,” wọ́n wí fún màmá, “a ti rí ọ̀rẹ́ mi.”

Àwọ̀n àwọn apẹja kan ló já, wọ́n tẹ̀lé e dé apá kan erékùṣù olókùúta tó wà láàárín adágún, níbi tí ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ sí nígbà tí omi bá kún. Bàtà kan tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún Bàbá Káfíńtà wò.

Màmá ní àwọn á lọ. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Àbúrò mi gbé wọn sínú ọkọ̀, àwa àti Bàbá Káfíńtà sì wà á dé ibẹ̀.

Abẹ́ àpáta kan tó yọ síta bí òrùlé ni bàbá wà. Wọ́n ti di egungun. Egungun ojúgun kan ti kán, wọ́n sì ti fi àjẹ̀ tó ṣẹ́ tì í, wọ́n fi bẹ́líìtì dì í, ó le dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀ka igi tí wọ́n ṣẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n tò ó létòlétò. Egungun ẹja wà níbẹ̀. Lórí igi kan ṣoṣo tó wà lókè, àkísà ẹ̀wù wọn ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Eérú sì pọ̀ nílẹ̀, ó nípọn, eérú iná tí kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Òkúta mẹ́rin ló yí eérú náà ká.

Òkúta etí omi ni wọ́n, wọ́n dán, kò sí irú wọn lókè níbẹ̀. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán, bàbá ti fà wọ́n gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá rọra jókòó lórí ọ̀kan. Wọ́n gbójú sókè, mo sì wo ibi tí wọ́n ń wò. Ìlú wa ló wà ní òdìkejì omi, òrùlé ilé wa sì hàn kedere láàárín àwọn yòókù, torí bàbá ló fọwọ́ ara wọn kùn ún ní àwọ̀ búlúù.

“A rí èéfín náà,” Bàbá Káfíńtà wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. “Gbogbo wa la rí i. A ní àwọn apẹja ló ń yan ẹja.”

“Èmi náà rí i,” ni màmá dáhùn. “Láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Mo tiẹ̀ ń wí lọ́kàn mi pé ẹja wọn á ti jinná báyìí.” Wọ́n yíjú sí àbúrò mi. “Ìgbà tí mo ń gbọ́ wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò tíì kú. Ṣé o gbọ́? Wọn ò tíì kú.”

Àbúrò mi fi ọwọ́ bojú.

Nígbà tó tó àsìkò láti palẹ̀ wọn mọ́, Bàbá Káfíńtà ní ó dára kí a sin wọ́n síbẹ̀, pé ibi tó wu ọ̀rẹ́ àwọn ju ṣọ́ọ̀bù lọ nìyí. Màmá gbà.

“Ẹni tí ò gbélé nígbà tí wọ́n wà láàyè,” wọ́n wí, “ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn afẹ́fẹ́ wọn.”

“Rárá, Màmá,” àbúrò mi dáhùn. Mi ò gbọ́ kó ta ko màmá lójú èèyàn rí. “Ẹ wo ibi tí wọ́n kọjú sí. Apá kejì erékùṣù yìí dára jù, omi ibẹ̀ rọ̀, igi wà, ìbòòji wà. Bàbá mọ̀. Wọn ò lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n á ti máa rí òrùlé wa ni wọ́n fẹsẹ̀ ríro wọ́ wá. Ilé ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọlé.”

Màmá tú gèlè orí wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn fúnra wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé egungun bàbá sórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn. A sin wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé.

Àbúrò mi ta ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ó gba ọkọ̀ onígi mìíràn lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà, òun tí ìrìn igbó ń bà lẹ́rù. Tó bá ti rí èéfín lórí adágún, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ ló ń jẹ lọ́wọ́, á dìde, á sì wà á lọ wò. Àwọn apẹja ló sábà máa ń bá. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

“Àwa náà ni o!” wọ́n á kígbe kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. “Ara wa le!”

Á juwọ́ sí wọn, á sì yí ọkọ̀ padà.