Ìborùn Tí Mo Fi Orin Hun

Ẹni tó bá rí ìborùn tí àna mi Eunice hun, tí kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló ti tán nínú onítọ̀hún. Ó le! Ẹ gbé e dí ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ ò ní ráyè wọlé.

Eunice ló bí ìyàwó Philemon ọmọ mi, nítorí náà ọ̀wọ̀ wà láàárín wa. "Ẹ kú iṣẹ́, àna mi." "Ẹ kú ìjókòó, àna mi." Ọ̀wọ̀ ẹnu nìyẹn. Pupurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, ló ń ṣe tà ní Igbodigo, àtìgbà tó sì ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ dànù ló ti rò pé gbogbo nǹkan ayé ni wọ́n ń fún mọ́wọ́.

Ọmọ ọmọ wa, Ayọ̀mípọ̀sí, ló dá ìjà yìí sílẹ̀ láìmọ̀. Ìjọba ní kó lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Jos. Òtútù ibẹ̀, wọ́n ní ó ń mú eyín gbá eyín. Mo ní ìborùn ọwọ́ mi ni yóò wà lọ́rùn ọmọ náà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń gbé e lọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Eunice ti gbà á lẹ́nu mi.

"Tèmi ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọrin ṣáá, ìgbà wo lẹ máa hun tiyín?"

Ẹ gbọ́ o. Kí lorin ṣe fún un?

Folúkẹ́, ìyàwó tíṣà yunifásítì kan, ọmọ apá Ọ̀ṣun, ló ń kọ́ àwa ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Ó fún wa ní òwú wúùlù àti abẹ́rẹ́ onígi tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ ta kókó, ẹ fi ìwọ̀ fa òwú gba inú rẹ̀, ó di ojú kan. Ẹ máa fà á bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀wọ̀n. Tí ẹ̀wọ̀n bá ti fẹ̀ tó, ẹ yí i padà, ẹ máa ki ìwọ̀ bọ ojú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ka ojú, kí ìlà kan má baà ju èkejì lọ.

Èmi ò ka nǹkan kan. Orin ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ohùn kan, ojú kan:

Olúwa tó gbé mi sọdá,
Kò ní jẹ́ kí n rì sódò.

Orin tán, ìlà tán. Iṣẹ́ dùn! Mo ń hun, mo ń mi èjìká lórí bẹ́ǹṣì. Àfi bí ìborùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó ń fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Eunice gbé e sókè kí gbogbo wa rí i.

"Àna mi, ṣé ọrùn Ayọ̀mí lẹ fẹ́ fi èyí wé, àbí òrùlé lẹ fẹ́ fi bò?"

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀, àna mi. Tiyín lọ́hùn-ún, ṣé ẹ hun ún ni, àbí káfíńtà ló bá yín kàn án?"

Àwọn ìyá ìjọ ń ṣubú lu ara wọn. Folúkẹ́ ní kí n hun ìlà kan lójú òun. Mo kọ orin náà, mo hun ún.

"Màmá," ó ní, "ẹ ń tún ìparí orin gbà."

Òótọ́ ni! Bí wọ́n ti ń kọrin ní ìjọ wa nìyẹn. Tí ẹ̀mí bá gbé e, a óò tún "rì sódò" gbà, a óò tún un gbà sí i. Gbogbo àtúngbà yẹn, inú ojú ìkẹyìn kan náà ni mo ń kì í bọ̀.

"Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa ka ení, èjì," Eunice ní.

Kí n dákẹ́! Ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo! Mo tú òwú náà délẹ̀. Mo wá orin tí ìyá mi fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

Má sunkún mọ́, ìyá ń t'ọjà Òde-Ayé bọ̀,
Ẹja ńlá ń bẹ lágbọ̀n.

Ẹnikẹ́ni kì í tún ìyẹn gbà, ọmọ á ti sùn. Ìborùn mi wá tọ́ gbọọrọ. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ.

Láàárọ̀ tí Ayọ̀mí ń lọ, a sìn ín dé gáréèjì Òkìtìpupa, kó wọ takisí lọ sí Òrè. Tèmi kò tíì yí ọrùn ká. Eunice fa tirẹ̀ yọ, ó gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ó dúró gan-an! Kò tẹ̀, kò wé, etí rẹ̀ méjèèjì nà síta bí àjẹ̀ ọkọ̀ odò.

Ayọ̀mí rọra yí orí. "Ẹ ṣeun, màmá. Ó... ó lágbára."

"Ó lágbára!" Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ oríkì ìborùn!"

Èrò kan ṣoṣo ló kù kí takisí kún. Mo jókòó sórí táyà kan nílẹ̀, mo fa abẹ́rẹ́ mi yọ.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má dójú tì wá."

"Ojú ta ni? Bẹ́ ẹ bá dúró lásán, ẹ bá mi di òwú mú. Ẹ má fún un o!"

Ó dì í mú. Kí ló máa ṣe, lójú gbogbo gáréèjì? Ó ń tú òwú sílẹ̀, imú rẹ̀ wú, èmi ń kọrin. Ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo dé, takisí kún. Wọ́n so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè.

"Ìyá, a ń lọ o!"

"Jẹ́ kórin parí, ìwọ ọmọ yìí!"

Mo fa òwú gba inú ojú ìkẹyìn, mo fi eyín gé e. Ayọ̀mí na ọrùn gba fèrèsé. Mo fi ìborùn wé e, ó yí ọrùn ká, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù tó ṣeé so. Ọmọ náà fi etí ìborùn ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pajú dé. Ti Eunice ńkọ́? Ọmọ náà tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ọkọ̀ tó ti ya, ó ní yóò gba òun lọ́wọ́ irin.

Takisí lọ. Mo pe ọ̀kadà. "Ẹ gòkè, àna mi, ká jọ máa lọ."

Ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn dé Igbodigo.

"Ẹ kú ìrìn o, àna mi!"