Orúkọ ní Kíkún

Agbádá funfun, fìlà abetí-ajá, bàtà tó ń dán: bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Akínfẹ́mi ṣe wọ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, tó ń bèèrè àga alága. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé àwọn Yorùbá ìlú Bìní ń ṣe ìpàdé, pé òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ alága.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò tíì sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dúró sáàárín títì Aduwawa, tó na ọwọ́ sí tírélà, pé kò sí ọkọ̀ tó lè tẹ òun. Àbúrò rẹ̀, Oyèlékè, ló wọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ ṣáà ní ìpàdé ni," Oyèlékè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bó bá mọ̀, títì ló máa sá lọ."

Dókítà Morẹ́nikẹ́ mọ irọ́ yẹn dáadáa. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn a máa gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àánú ni, wọ́n ní kí lèèyàn fẹ́ bá ẹni tí orí rẹ̀ ò pé sọ. Ọ̀rọ̀ náà a máa bí i nínú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tó bá bá èyí, bàbá ò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, kò sì ní gba oògùn lọ́wọ́ wọn.

Ó kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, ìpàdé kọ́. Ilé ìwòsàn nìyí. Ara yín ò yá, ẹ̀mí yín sì wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú yín."

"Bí mo bá ní n ò dúró ńkọ́?"

"Màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n dá yín dúró, sà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a ó tún jọ jókòó sọ ọ́."

Oyèlékè ti sáré dí ẹnu ọ̀nà. Morẹ́nikẹ́ kò dìde. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"N ò gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí."

Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀lé nọ́ọ̀sì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Oyèlékè, ó dúró, ó nawọ́ sí dókítà. "Láti àárọ̀, ọmọ yìí nìkan ni kò purọ́ fún mi."

Orí Morẹ́nikẹ́ wú. Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń fa ìlà wíwọ́ kan sábẹ́ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ dípò orúkọ rẹ̀, ìlà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Iṣẹ́ ló pọ̀, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́.

Lónìí, ó kọ Morẹ́nikẹ́ Títíloyè gàdàgbà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí bàbá lè mọ ẹni tó máa bínú sí.