Ohun Tí Ọwọ́ Bá Kàn

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Pyo Sun-deok ti ń dùbúlẹ̀ lórí tábìlì kan náà kí àwọn ẹlòmíràn lè fi ara rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Bí àwọn tó ríran ṣe ń fi pátákó kọ́ ọmọ ní ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tó wà létí òkun ní Gunsan ṣe ń fi ẹ̀yìn Tíṣà Sun-deok kọ́ni ní iṣẹ́ ìwọ́ra. Afọ́jú nìkan ni òfin orílẹ̀-èdè wọn gbà láyè kí ó máa fi wíwọ́ ara fún ènìyàn jẹun. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti lọ, tí kò sì fẹ́ di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn, ọ̀dọ̀ Tíṣà ló ń bọ̀. Wọn a tẹ èjìká rẹ̀, wọn a tẹ itan rẹ̀, wọn a bi í bóyá ibí ni àbí ọ̀hún, òun a sì dákẹ́ títí wọn yóò fi rí i fúnra wọn.

Kí n má purọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá láti erékùṣù wọn, tó fi í lé ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́, tó sì padà lọ. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta báyìí, kò tíì gbé ibòmíràn láti ìgbà náà. Yàrá kan ni wọ́n fún un lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni láti ibùsùn rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, mẹ́tàlélọ́gọ́ta dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, igba ó lé mọ́kànlá dé ìdí tábìlì tó ń dùbúlẹ̀ lé. Nínú ọgbà yẹn kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé kò ríran. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá géètì báyìí, afi kó di apá ẹlòmíràn mú.

Èyí ló jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ àtàńpàkò rẹ̀ pa mọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ ń kú bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé ṣe ń kú. Nígbà tó yá, ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹran tó wú ní ìdí àtàńpàkò, èyí tí gbogbo ènìyàn ní, bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ fi jìn. Sun-deok kò nílò dókítà kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti fi ọwọ́ yẹn tẹ ẹ̀yìn ènìyàn jù, ọwọ́ náà sì ti sọ pé ó tó. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kò sì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: tíṣà ìwọ́ra tí àtàńpàkò rẹ̀ kò bá lè tẹ iṣan mọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó fi yàrá sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ipò rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbọ̀nwọ́ ló wá ń fi kọ́ wọn. Ó ní ìgbọ̀nwọ́ ló dára jù fún ẹ̀yìn tó le, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ó ń wọ ibọ̀wọ́ òwú sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní òtútù ń mú un, ìyẹn nínú oṣù tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ń làágùn.

"Tíṣà wa ti di akàn," ni Bu-yeong máa ń wí, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń kí èèyàn."

"Bí o bá ń tẹ iṣan dáadáa bí o ṣe ń lo ẹnu, o ì bá ti gboyè lọ," Sun-deok a dá a lóhùn, gbogbo kíláàsì a sì rẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo wọn, Ok Man-gi ló sún mọ́ ọn jù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Man-gi kí àtọ̀gbẹ tó gba ojú rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, kò sì rọrùn fún un láti tún padà di ọmọ iléèwé. Ó ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ọbẹ̀ ewé inú òkun ló jẹ lówùúrọ̀ ìdánwò, ohun tí ọmọ kékeré mọ̀ pé a kì í ṣe, nítorí ẹni tó jẹ ohun tó ń yọ̀ máa yọ̀ ṣubú. Sun-deok ló kọ́ ọ ní ọ̀pá lílò. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì láìda á sílẹ̀. Nígbà tí Man-gi jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná tó ń sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òun ló jókòó tì í, tó ń bó ọ̀dùnkún yíyan fún un.

Orúkọ àwọn iṣan kò wọ̀ ọ́ lórí. Ìgbà tí Sun-deok ní kó sọ ara di ojú ọ̀nà ọkọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

"Ó dáa," ni Man-gi wí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yìn Tíṣà. "Èrò tó ń lọ sí ẹ̀yìn, ẹ wọlé. Ibùdókọ̀ ẹ̀yìn ọrùn: iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gbé èjìká sókè, ibi tí gbogbo ìyàwó ilé ń kó ìbínú sí. Ibùdókọ̀ abẹ́ apá: èyí tó fẹ̀ jù lẹ́yìn, òun ló ń fa apá wálẹ̀ bí ẹni ń fa àwọ̀n. Ibùdókọ̀ ìdí: èyí tó tóbi jù lára èèyàn, òun ló ń gbé wa dìde lórí àga. Tèmi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó lé e, ẹ má bi mí bóyá ó ṣì wà."

"Kí ló ṣẹ́ kù?" Sun-deok bi í.

"Kí ló tún kù, Mà? Mo ti sọ orúkọ, mo ti sọ iṣẹ́."

"Ìbéèrè kẹta. Báwo ló ṣe wà lónìí? Orúkọ iṣan wà nínú ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bó ṣe wà lónìí, ọwọ́ rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ bá kàn, ẹnu gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

Ó sì tún ìtàn obìnrin ilé ìwẹ̀ sọ fún un. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sọ ọ́ fún rí. Nígbà tí Sun-deok wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, obìnrin aláwàdà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwẹ̀ ìlú máa ń wá kí Sun-deok wọ́ òun lára, ọ̀dùnkún gbígbóná ló sì máa ń mú wá fún un. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ Sun-deok kan nǹkan kan tó le lábẹ́ egungun ìhà obìnrin náà. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ojú ti Sun-deok láti ba ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́. Ó dákẹ́. Kí àsìkò ọ̀dùnkún mìíràn tó dé, wọ́n ti sin obìnrin náà.

"Èmi ni mo pa á," Sun-deok a wí. "Àánú ni mo fi pa á."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò nìyí: orúkọ iṣan wà lórí káàdì, wọ́n fi lẹ́tà àfọwọ́kà lu ú, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa mẹ́ta, á wá wọn rí lára Tíṣà, á dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Tak, tí ojú tirẹ̀ dá ṣáṣá, á jókòó pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Láti ọdún mẹ́ta ni Sun-deok ti ń jí káàdì ìdí àtàńpàkò kúrò nínú agolo kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ó mọ̀ pé olè ni. Lọ́dún yìí pẹ̀lú, ó ti mú un láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, yìnyín ń kùn lójú fèrèsé. Sun-deok ka igba ìṣísẹ̀ ó lé mọ́kànlá, ó dùbúlẹ̀. Man-gi wọlé, súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín kún ẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jẹ kí oríire lè lẹ̀ mọ́ni.

"Gbé ìyẹn mì kí o tó bá mi sọ̀rọ̀," ni Tak wí.

"Kò ṣeé gbé mì, Ọ̀gá. Ó ti di eyín mi mú."

Ó fa káàdì kìíní. Ọrùn ni. Man-gi fi ìka tẹ̀ lé iṣan náà láti ẹ̀yìn etí Tíṣà wá sí orí egungun àyà, ó ní òun ló ń yí orí, pé bí tòsì bá fà, ojú á yí sọ́tùn-ún.

"Báwo ló ṣe wà?" ni Sun-deok bi í.

"Tọ̀tún le, Mà. Ẹ ò sùn."

Èkejì ni iṣan ẹ̀yìn ojúgun. Ó ní òun ló ń gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, òun náà ló ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. "Ó ń gbọ̀n díẹ̀," ni ó fi kún un, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ìdánwò mi ń bà yín lẹ́rù jù mí lọ?"

Ó fa ẹ̀kẹta. Ìka rẹ̀ rìn lórí káàdì náà, ó dúró. "Iṣan ìdí àtàńpàkò."

Sun-deok fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. Káàdì tirẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ẹ̀dà tuntun nìyẹn o," ni Tak wí láìgbé ojú sókè. "Àwọn àtijọ́ ti fá, èèyàn ò lè kà wọ́n mọ́. Mo ní kí Bu-yeong lu gbogbo orúkọ inú ìwé lákọ̀tun lánàá. Tíṣà, ẹ bọ́ ibọ̀wọ́."

"Ọwọ́ òsì mi nìyí."

"Ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ni ìwé sọ, Tíṣà."

Ó bọ́ ọ. Kí ni ì bá tún ṣe? Man-gi gba ọwọ́ náà, ó fi àtàńpàkò tirẹ̀ wá ibi tó yẹ kí ẹran wà. Sun-deok mọ ìṣẹ́jú náà gan-an tó kàn án, nítorí pé èémí ọkùnrin náà dúró. Ó tún ibẹ̀ tẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó tẹ ọmọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Iṣẹ́ rẹ̀?" ni Tak bi í.

"Òun ló ń jẹ́ kí àtàńpàkò dojú kọ àwọn ìka yòókù, kó lè di nǹkan mú, kó sì tẹ nǹkan."

"Báwo ló ṣe wà lónìí?"

Man-gi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀. Ó wá ní, "Ó dára."

Bíírò bẹ̀rẹ̀ sí í ha lórí ìwé. Sun-deok gbọ́ ọ. Bó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn: Man-gi yege, òun padà sí yàrá òun, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó di ọdún mìíràn. Ó sì wù ú kó dákẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé dídákẹ́ nìkan ló kù tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kọ́ ni Man-gi máa fọwọ́ kàn lẹ́yìn òní. Yóò kan abẹ́ ìhà obìnrin aláwàdà kan níbì kan, àánú yóò ṣe é, yóò sì ní ó dára.

"Man-gi," ni ó wí. "Ìbéèrè kẹta."

"Mo ti dáhùn, Mà."

"Tún un dáhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Ọwọ́ ta lo ń tẹ̀, tèmi àbí ti ìyá rẹ?"

Bíírò ti dúró. Man-gi gbé itọ́ mì pẹ̀lú súìtì rẹ̀. "Kò sí níbẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Ibẹ̀ jìn bí àwo. Egungun ni mo ń bá. Kì í ṣe ti òní, ó ti pẹ́."

"Ẹni tó ní irú ọwọ́ yìí, ṣé ó lè tẹ iṣan?"

"Kò lè tẹ̀ ẹ́, Mà."

"Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé ó yege."

Tak kò tètè kọ ọ́. "Tíṣà," ni ó wí níkẹyìn, "ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ kí n tó kó ẹrù mi. Yìnyín ò jẹ́ kí ọ̀pá gbọ́ ilẹ̀."

"Títí di ìgbà ìrúwé," ni Tak wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bu-yeong kan ilẹ̀kùn, ó ní ó ti kan òun. Tak ní kó dúró ná. Sun-deok ń retí kí Man-gi fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Àtàńpàkò ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba inú apá, gẹ́gẹ́ bí Sun-deok ṣe kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń tẹ ara Sun-deok kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí kí ó lè sinmi.

"Kò sí nínú ìdánwò," ni ó wí fún un.

"Mo mọ̀, Mà." Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ibùdókọ̀ tó kàn, ìgbọ̀nwọ́. Ẹ sùn, màá jí yín tí a bá dé."

Ó gbìyànjú láti ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé yàrá rẹ̀. Nígbà tó kà dé ogójì, oorun ti gbé e lọ.