Kàǹga Ẹ̀yìnkùlé Àṣíáwù

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe ohun tí ojú wa kò ní lè wò. Àdúrà tí Àṣíáwù gbà nìyẹn lórí ẹní ìkírun rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ìta Ijoun. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun gan-an ni àdúrà náà ń wá kiri.

Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, àdá ọmọ náà ti wà lókè.

Bàrúwà lorúkọ rẹ̀. Epo bẹntiróòlù ló máa ń gbé gba inú igbó kọjá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní òdìkejì bọ́dà. Bọ́dà ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ, ìjọba sì tún pàṣẹ ní oṣù kọkànlá pé wọn kò gbọdọ̀ gbé epo wá sí ìtòsí bọ́dà mọ́. Bàrúwà bá rọ tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkókòósí àtijọ́ kan tí kò ní òrùlé mọ́. Ó padà wá wò wọ́n lọ́sàn-án yìí, ó bá igi kéékèèké tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́, tí wọ́n gún yí ibi ìpamọ́ rẹ̀ ká. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ sínú ìgò. Obìnrin kan jókòó ti kúlà funfun kan, ó ń kọ̀wé.

"Ọdẹkúnlé, sọ̀ kalẹ̀!" ni Bàrúwà wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbé sẹ́yìn ọ̀kadà. "Àwọn tó ń sàmì ilẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù rèé."

Kò béèrè ohunkóhun. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá ọkùnrin náà ní èjìká, egungun dún, ọkùnrin náà dojú bolẹ̀. Ọdẹkúnlé fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn títí erùpẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Ta ló rán ọ?"

"Pàdọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n! Alfred lorúkọ mi, ará Pọ̀bẹ̀ ni mí..."

"Ará Pọ̀bẹ̀! Gbogbo bọ́dà tì pa, ìwọ wọlé! Ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni?"

Obìnrin náà dìde. "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, Fadékẹ́mi lèmi, olùkọ́ ni mí ní Ìlaròó. Ìwádìí la ń ṣe!"

"Tíṣà! Ta lò ń kọ́ nínú igbó? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Ọdẹkúnlé gbá a lójú. Ètè rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Dípò kó sá, ńṣe ló dùbúlẹ̀ lé kúlà náà, tó fi apá méjèèjì dì í mú bí ọmọ.

Omi kàǹga méje ló wà níbẹ̀, nínú yìnyín. Ẹ̀rọ tó lè rí májèlé inú wọn wà ní Kútọnu. Àwọn onímọ̀ kan láti Jámánì ló gbé e wá fún àwọn olùwádìí ìlú méjèèjì kí wọ́n jọ máa lò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn sójà ti dá Fadékẹ́mi padà ní Ìdí-Ìrókò. Ni Alfred, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, bá fẹsẹ̀ rin inú igbó wá gbé omi náà fúnra rẹ̀. Bí yìnyín bá yọ́ tán, iṣẹ́ náà bàjẹ́ nìyẹn, ará Ijoun kankan kò sì ní mọ kàǹga tí ń pa wọ́n.

Bàrúwà fa Fadékẹ́mi nírun kúrò lórí kúlà, ó fi àdá la ìdérí rẹ̀, ó mú ìgò kan. "Kí lèyí?"

"Omi ni."

"Mu ún!" Ó ti ẹnu ìgò náà mọ́ ètè rẹ̀ tó ti ya. "Bó bá jẹ́ omi lóòótọ́, mu ún!"

Fadékẹ́mi di eyín pọ̀. Alfred fi àyà wọ́, ó gbá Bàrúwà lẹ́sẹ̀ mú. "Má mu ún o! Má mu ún!" Bàrúwà yíjú, ó sì ṣá a. Àdá náà wọ apá Alfred, ó kan egungun, igbe rẹ̀ sì dé ẹ̀yìnkùlé Àṣíáwù tí kò jìnnà síbẹ̀.

Àdá tún ti ròkè nígbà tí ìyá arúgbó náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò bú u. Kò pariwo. Ó fi oríkì rẹ̀ kì í ni.

"Àkànní o!
Àkànní, ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ òjò,
ọmọ a-tọ́pa-ẹtù-má-ṣìnà,
ọmọ a-gbé-inú-igbó-bí-ẹni-gbélé.
Ọwọ́ tí mo fi kànìnkànìn fọ̀,
ọwọ́ tí mo dì mú lójú ọ̀nà oko,
Àkànní, sọ ọ́ kalẹ̀."

Bó ti rí nìyẹn láti kékeré. Bí ìyá bá kì í dé ìparí, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́: òkúta ni o, tàbí ọrùn ọmọ ẹlòmíràn. Àdá bọ́ sílẹ̀.

"Àlejò mi lo ń ṣá yìí," ni Àṣíáwù wí. "Ògì ọwọ́ mi ni wọ́n mu láàárọ̀."

Fadékẹ́mi tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Ẹ wo ohun tí a kọ sára ìgò ọwọ́ yín. Kàǹga Àṣíáwù. Omi ìyá yín ni."

Bàrúwà wo ìgò náà.

"Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹfà, ó mọ́," ni Fadékẹ́mi wí. " Dúrọ́ọ̀mù oògùn kòkó àtijọ́ mẹ́rin wà nínú ilé yìí nígbà náà, èyí tí ìjọba ti kà léèwọ̀ tipẹ́. Ó lè lo ogójì ọdún nínú ilẹ̀ kí agbára rẹ̀ má tán. A padà dé báyìí, a ò bá dúrọ́ọ̀mù kankan."

Ọdẹkúnlé ló kọ́kọ́ yíjú wo Bàrúwà. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin.

Bàrúwà rántí. Ohun tó dà jáde nínú wọn kó tó rọ epo síbẹ̀ funfun bíi wàrà, ó ń rùn bíi káńfọ̀, inú gọ́tà tó ṣàn gba ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ ló sì dà á sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ mẹ́ta gbọ̀n, wọ́n yọ ìfófòó lẹ́nu, wọ́n kú. Ó ní aládùúgbò kan ló fún wọn ní májèlé jẹ, ó sì lu ọkùnrin náà títí tó fi sá lọ sí Agosasa.

Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára ògiri. Ó ń gbọ̀n. Ó ti ń gbọ̀n láti ọ̀sẹ̀ méjì, òun sì ti pè é ní ọjọ́ ogbó.

Ó sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbọ́ tó fọ́ àmù omi mọ́ ògiri. Wọ́n gbọ́ tó ń fi òkúta gún garawa kàǹga, tó ń gún un, tó ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Kí ni màá wá mu, Àkànní?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Fadékẹ́mi ló dá a lóhùn. "Màmá, a ò tíì mọ̀. Nínú kàǹga méje yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣì mọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ fún wa."

Àṣíáwù ti fi ìborùn rẹ̀ di apá Alfred, aṣọ náà sì ti pupa tán. Alfred fẹ̀yìn ti kúlà tó ya, ó fọwọ́ kan yìnyín inú rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo ọkùnrin tó ṣá a.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà inú igbó. Ẹ bá wa gbé omi yìí dé Pọ̀bẹ̀ kí yìnyín tó yọ́."