Omi Tó Bo Àìsàn Mọ́lẹ̀

Ẹnu ọmọ náà kì í dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Aláròyé. Bí ìyá rẹ̀ bá ń dirun fún oníbàárà, òun ni yóò máa rojọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í, tí àwọn obìnrin á fi rẹ́rìn-ín gbàgbé pé irun ń dùn wọ́n.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ń wú láràárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ, ìyá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò. Àmọ́ ọmọ ti tọ̀ nílé, ìtọ̀ kọ̀, kò wá.

"Ẹ fún un lómi dáadáa, Àǹtí," obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò sọ. "Èrò pọ̀ lẹ́yìn yín."

Ìyá bu omi, ó tún bu òmíràn. "Mu ún, ọkọ mi, ká tètè máa lọ."

"Màámi, ikùn mi ti di àgbá o!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tọ̀, ìtọ̀ náà mọ́ gaara. Obìnrin náà ti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, ó wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. "Kò sí nǹkan kan. Kíndìnrín rẹ̀ le koko."

Dókítà ní eruku ló ń wú u lójú, ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Ìyá dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

Ojú wíwú náà ń lọ, ó ń bọ̀. Bí bàbá ọmọ bá ní kí wọ́n padà lọ, ìyá á ní, "Ṣebí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ńlá. Ẹsẹ̀ ti wú, èébì ò jẹ́ kó jẹun. Dókítà àgbà gba ìtọ̀ tó kọ́kọ́ tọ̀ bó ṣe jí, ó sì gba ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì ti bàjẹ́.

"Àmọ́ wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò!" ìyá ké. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan omi.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, èròjà tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń jò sínú ìtọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò kàn tíì pọ̀ ni. Omi tó mu ló là á, tí ọ̀pá náà ò fi rí i. Ó yẹ kí wọ́n ní kí ẹ gbé ìtọ̀ òwúrọ̀ wá. Ẹ̀bi yín kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò dénú. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ife sọ́mọ lẹ́nu.

Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aláròyé kú lórí itan bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá padà lọ bá obìnrin aláyẹ̀wò. Kò bá tìjà lọ; ó ròyìn bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ìtọ̀ ọmọ bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n gbé tàárọ̀ wá. Ẹ má fomi fà á."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó di ọwọ́ ìyá mú. "Àǹtí, kí lorúkọ ọmọ náà?"

Ìyá la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.