Ilé Ṣáájú-Aago

4.

…ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó rí ṣíbí lórí tábìlì mọ́. Bí Macario bá ti rí ṣíbí, á bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì-gbì, gbì. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú láti ìgbà òtútù, ẹnu náà sì bá a lọ. Dókítà pè é ní àrùn rọpárọsẹ̀. Èmi Orosia, ìyàwó rẹ̀, olè ni mo pè é. Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ mi lọ, ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Mo máa sọ ẹyọ kan náà tó bá yá. Ẹ má kán mi lójú.


5.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú)

*Ẹgbẹ́ Onílù ń fi tó gbogbo ará ìlú létí pé ní Ẹtì Rere, ní aago méjìlá ọ̀sán gangan, ni a ó ṣí ìlù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀pá kan awọ kí ọwọ́ aago tó pé.*

*Ẹni tí yóò lu ìlù àkọ́kọ́ lọ́dún yìí:* MACARIO.

*Casilda, alága.*

Kí àìsàn tó dé ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Òjò ti fọ̀ ọ́, oòrùn ti sá a. Kò sẹ́ni tó láyà láti ya á.


6.

Bàbá bàbá Serapio ló lu ìlù ṣáájú aago nígbà kan. Ọwọ́ aago kù díẹ̀ kó pé, ó rò pé ó ti pé. Gbogbo ojúde ìlú dákẹ́ rọ́rọ́, ìlù tirẹ̀ nìkan ló dún. Baba náà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, Ilé Ṣáájú-Aago là ń pe ilé wọn.

Macario ló burú jù nínú àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Serapio, ọkọ mi dìde pẹ̀lú ife ọtí lọ́wọ́, ó ní kí ìyàwó tuntun ṣọ́ra o, pé ilé yìí kì í dúró de àsìkò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Serapio náà rẹ́rìn-ín, àbí ó fi eyín hàn wá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń rí.


7.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìlù, kí n tó gbàgbé:

Awọ ewúrẹ́ a máa le nínú oòrùn, a máa dẹ̀ bí ìrì bá sẹ̀ sí i.

Bí ọwọ́ bá bó, tí ẹ̀jẹ̀ ta sí awọ, a kì í nù ún. Ó di ti ìlù.

Eustaquia inú ẹgbẹ́ wa ti ya adití tipẹ́, síbẹ̀ kì í ṣi bombo, ìlù ńlá wa, lù. Ó ní ikùn lòun fi ń gbọ́ ọ.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé ní ọ̀nà tóóró, tí ìlù wọn yàtọ̀, wọ́n á kojú síra, wọ́n á máa lù títí ìlù ọ̀kan á fi gbé ti èkejì mì. Kò sẹ́ni tó gbé ti Macario mì rí.

Nígbà èwe ìyá mi, obìnrin kì í fọwọ́ kan ìlù. Obìnrin ni alága wa báyìí. (Èyí kì í ṣe nípa ìlù. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.)


8.

*Nínú ilé ìdáná wa. Macario jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.*

CASILDA: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹgbẹ́ ló ní kí n wá bi yín.

ÈMI: Bi mí.

CASILDA: Ṣé wọ́n ṣì mọ aago wò?

ÈMI: Rárá.

CASILDA: Ṣé wọ́n á lè dúró?

ÈMI: Casilda, nígbà tí ara rẹ̀ le, ìgbà wo ló dúró rí?

CASILDA: Ẹ jẹ́ ká gbé ìlù àkọ́kọ́ fún ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá lù ú ṣáájú, ẹ mọ orúkọ tí ìlú máa sọ ilé yín. Ẹ ro ti àwọn ọmọ-ọmọ yín.

MACARIO: Ṣáájú-Aago.

*(Casilda yíjú sí i.)*

CASILDA: Wọ́n gbọ́ wa?

ÈMI: Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó kù sí i lẹ́nu nìyẹn. Tó bá ń fẹ́ omi, Ṣáájú-Aago. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, Ṣáájú-Aago. Tó bá ń pè mí, orúkọ mi nìyẹn.

CASILDA: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n.

ÈMI: Jẹ búrẹ́dì olóyin kan kó o tó lọ.


9.

*Lórí fóònù:*

SERAPIO: Ìyàwó, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ìlù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Má gbà fún wọn. Má sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, yẹ̀yẹ́ ló máa fi mí ṣe.

ÈMI: Kí ló fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀rọ̀ kan ló kù sí i lẹ́nu.

SERAPIO: Èwo?

SERAPIO: Ìyàwó?

SERAPIO: Ó yé mi.


10.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn láti òkè. Ọmọ-ọmọ wa ń dàgbà nílùú yìí, orúkọ kì í sì í bá òkú wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé bombo síwájú Macario, ojú rẹ̀ á là, ọkọ mi á yọjú síbẹ̀, òun gan-an. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mi ò lè pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Mo ránṣẹ́ sí Casilda: *Ó máa lù ú. Èmi á di ọwọ́ rẹ̀ mú títí aago á fi pé.*


11.

Ojúde ìlú. Gbogbo wa wọ aṣọ àlùkò. Ọ̀pá wà lókè, kò sí ìró. Àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá dákẹ́.

Serapio dúró sí òsì wa. Mo di ìgbọ̀nwọ́ ọkọ mi mú. Gbogbo ènìyàn ń wo aago. Macario nìkan ló ń wo ìlù.

Ikun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nímú rẹ̀. Níwájú gbogbo ìlú. Mo ní kí n bá a nù ún, kíákíá. Mo tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí n fi mú áńkáṣíìfù.



                    gbì



Ọwọ́ aago ò tíì pé. Mo rí i. Gbogbo wa la rí i.

Ìlù kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà ti Serapio. Kò wo aago, ojú ọkọ mi ló ń wò. Lẹ́yìn náà ti Casilda. Lẹ́yìn náà gbogbo ojúde, gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń gbọ̀n.


12.





13.

*Ilé ẹgbẹ́, lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́.*

CASILDA: Òfin ni kí n bèèrè. Ta ló kọ́kọ́ lù?

EUSTAQUIA: Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o.

*(Ẹ̀rín.)*

ÈMI: Ọkọ mi ni. Èmi ni mo…

SERAPIO: Ìyàwó, jókòó. Èmi ni.

CASILDA: Ẹ̀gbọ́n Serapio, gbogbo wa la…

SERAPIO: Gbogbo yín kí ni? Ta ni kò mọ ilé wa? Ilé wa kì í dúró de àsìkò. Ẹ bi ìyàwó tèmi nílé.

*(Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.)*

CASILDA: Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n kéde ẹ̀?

SERAPIO: Orúkọ náà ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Kí ni ìlú kékeré yìí fẹ́ fi irú ẹ̀ méjì ṣe?


14.

Serapio ló bá mi gbé bombo délé. Ẹ̀jẹ̀ tuntun wà lára awọ, lápá òsì, níbi tí kò ti sí rí.

Macario wò ó títí. Ó ní:

— Ṣáájú-Aago.

Serapio gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e kọ́. Ó ní, «Ó dàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi.» Oòrùn ò tíì wọ̀.

Mo sá tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé kí ló rò pé ọkọ mi sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún mi.

Ó lè jẹ́ omi.

Mo gbé omi fún Macario. Kò mu ún.