Ìgò Malbec Lẹ́yìn Gààrí

Òótọ́ ni. Wallahi, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀... ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Daddy mu wáìnì. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi Ridwanullah bá gbé fóònù: bọ̀ọ̀dá, Daddy tó lé yín jáde nítorí agolo bíà kan, mo rí i ní kíṣìnì láàárọ̀ yìí, ó gbé ìgò Malbec sẹ́nu. Ẹ máa bọ̀ nílé. Kò ní ẹnu tó máa fi bá yín wí mọ́.

Bọ̀ọ̀dá kò gbé e. Fóònù ń dún lásán ní Limerick níbi tó ń gbé, èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Hartstown, omi ẹ̀rọ ń ṣàn ní kíṣìnì. Kí ló dé tí Daddy kò tíì pa á?

Eré ni. Eré lásán. Láti ìgbà tí mo ti pa ilé-ìwé tì, abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan ní Lucan, níbi táwọn oníbàárà ti ń mu wáìnì yẹn bí ẹni mu omi. Mo mú òfìfo ìgò kan wálé. Àwòrán òkè tí yìnyín bò lórí wà lára rẹ̀. Pẹ̀lúmi tó ń gbé ọtí fún wọn ló ṣàlàyé: Ajẹntínà ni wọ́n ti ń gbin àjàrà rẹ̀, lókè téńté. Oòrùn a jó o lọ́sàn-án, òtútù a bù ú jẹ lóru, awọ rẹ̀ a wá nípọn, a sì dú.

"Bíi bàbá ẹ," ló wí. Inú mi dùn sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Zobo Mummy ni mo rọ sínú ìgò náà. Mo dé e pa, mo kì í bọ ẹ̀yìn gààrí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nusaibah ni mo dẹ ẹ́ dè, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kì í fi súìtì sẹ́nu láì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà rẹ̀, bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló ń mu gààrí láàárọ̀. Yóò ké. Èmi yóò dé, màá gbé ìgò náà sẹ́nu lójú rẹ̀, yóò dákú...

Ta ló ní kí gààrí wu Daddy lónìí?

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń yọjú wò ó. Ó ń wo àwòrán òkè ara ìgò yẹn. Mò ń retí orúkọ mi. Mò ń retí ohùn ọjọ́ yẹn — "Kò sí ọ̀mùtí nínú ilé mi. Kó ẹrù ẹ" — àti Mummy lórí eékún, Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni... àti Ridwanullah nínú òjò, pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé rẹ̀.

Kò pè mí. Ó ṣí ìgò. Ó gbé e sẹ́nu, ó...

Rárá.

Ó di imú. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń da májèlé nù, ó ń da zobo ìyàwó rẹ̀ sínú síǹkì, ó ṣí omi lé e kí òórùn ọtí má bàa jáde. Òórùn wo? Atalẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sì lè mọ̀, nítorí ó di imú.

Ó ń fi ìwé ìròyìn wé ìgò. Ó ń tì í sí ìsàlẹ̀ ìdọ̀tí.

Mummy ń pè é láti yàrá, kí ló ń fi omi ṣe láti ìgbà yìí?

"Mò ń fọ ife ni."

Daddy. Tí kì í parọ́.

Ó rò pé èmi náà ti di ọ̀mùtí. Ó sì ń fi mí pamọ́... kó má bàa di dandan kó lé mi. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, àṣé. Ẹ̀yìn ìgbà tó lé Ridwanullah ló kọ́ ọ.

Kí ni kí n wá wí bí bọ̀ọ̀dá bá gbé fóònù, pé Daddy ṣe fún mi ohun tí kò ṣe fún un? Ìgò, òkè, zobo, òótọ́ ni gbogbo wọn. Pé ó gbé e sẹ́nu nìkan ni mo fi kún un. Ì bá sàn kó mu ún.